Pásítọ̀ Tí Wọn Ò Rí Rí: Láti Philadelphia Dé Ìjẹ̀bú-Òde

  

Ọ̀rọ̀ òní bẹ̀rẹ̀ láti orí fóònù tí èmi fúnra mi rà fún màmá mi. Lóṣù tó kọjá, wọ́n pè mí, inú wọn ń dùn. Wọ́n ní àwọn ti jáwọ́ nínú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Mo ní, "Dókítà ló ní kẹ́ ẹ jáwọ́ ni, mà?" Wọ́n ní rárá o, ìránṣẹ́ Ọlọ́run kan tí àwọn ń gbọ́ lórí fóònù ní ìdájọ́jọ́ ló ní kí àwọn tó bá nígbàgbọ́ kó oògùn wọn dànù. Mo bi wọ́n pé ìlú wo ni ọkùnrin náà ń gbé. Wọn ò mọ̀. Ṣé ó níyàwó? Wọn ò mọ̀. Ta ló fi í jẹ pásítọ̀? Wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ìbéèrè rẹ ti pọ̀ jù. Ṣé o ò rí bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ni?"

Mo rí i. Ohun tó dùn mí gan-an nìyẹn, torí mo mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Kí n tó bẹ̀rẹ̀ ètò yìí, mo bá ṣọ́ọ̀ṣì kan ṣiṣẹ́ fídíò fún bí ọdún kan. Mi ò ní dárúkọ. Èmi ni mò ń gé ìwàásù wákàtí méjì kù sí ìṣẹ́jú kan. Ibi tí olùwàásù bá ti gbàgbé ọ̀rọ̀, màá yọ ọ́. Ibi tó bá ti ṣi ẹsẹ Bíbélì kà, màá yọ ọ́. Lẹ́yìn náà, màá fi dùùrù jẹ́jẹ́ sábẹ́ ohùn rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan wà tí a gbé fídíò ìwòsàn jáde, tí àwọn èèyàn ń kọ "Àmín" sábẹ́ rẹ̀ bí òjò, olùwàásù náà sì wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní ọsibítù, wọ́n ń fa omi sí i lára nítorí ibà. Èmi ni mo gbé ṣájà lọ bá a. Ẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ni kí èèyàn gba ìtọ́jú. Ṣùgbọ́n ohun tí fídíò yẹn ń sọ fáwọn tó ń wò ó yàtọ̀.

Nígbà tí màmá mi gbé fóònù sílẹ̀, ìtàn kan tí mo kà nígbà tí mo wà ní yunifásítì ló sọ sí mi lọ́kàn. Ìtàn àwọn èèyàn wa ni. Wọ́n tẹ̀lé pásítọ̀ tí wọn ò fojú rí rí fún ọ̀pọ̀ ọdún, nígbà tí kò sí fóònù nílé ẹnikẹ́ni. Lẹ́tà ni wọ́n fi ń gbúròó rẹ̀. (Ẹ jẹ́ kí n tọrọ gáfárà kí n tó lọ jìnnà: màá máa pe àwọn bàbá inú ìtàn yìí ní "ó". Mo mọ̀ pé wọ́n ju ẹgbẹ́ mi lọ, ṣùgbọ́n tí mo bá ń pe gbogbo wọn ní "wọ́n", ẹ ò ní mọ ẹni tí mò ń sọ.)

Ọdún 1918 ni. Ogun àgbáyé kìíní ń parí lọ, àjàkálẹ̀ àrùn influẹ́ńsà sì bá ọkọ̀ ojú omi dé Èkó ní oṣù kẹsàn-án. Láti ibẹ̀ ló gba inú ilẹ̀ Yorùbá lọ. Àwọn dókítà gan-an ò ní oògùn tó lè wò ó. Kò sí ní Èkó, kò sí ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn kan nínú ìjọ Áńgílíkà St. Saviour's bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé láti gbàdúrà. Joseph Ṣadare wà lára àwọn tó ṣáájú wọn. Ẹ tún máa rí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé míràn gẹ́gẹ́ bí Ẹsinsinade. Ẹni kan náà ni. Ọ̀dọ́bìnrin kan tó jẹ́ olùkọ́, Sophia Ọdúnlámì, náà wà láàárín wọn. Ó ní òun gbọ́ ohùn pé kí àwọn èèyàn gbàdúrà, kí wọ́n sì lo omi òjò. Wọ́n pe ara wọn ní Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye.

Ẹ fojú inú wò ó ná. Òkú ń sùn nílé, ọsibítù ò rí nǹkan kan ṣe, àwọn kan wá gbàdúrà, ẹ sì rí àwọn tó yè níwájú yín. Èmi ò lè fi irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ tí wọ́n bá sọ pé Ọlọ́run nìkan ni àwọn máa gbójú lé. Ibẹ̀ ni ìgbàgbọ́ pé onígbàgbọ́ ò gbọdọ̀ lo oògùn kankan, ìbáà ṣe ti òyìnbó tàbí àgbo, ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ láàárín wọn.

Ní àsìkò yẹn náà ni ìwé ìròyìn kan láti Philadelphia ní Amẹ́ríkà bọ́ sí wọn lọ́wọ́. The Sword of the Spirit lorúkọ rẹ̀. Faith Tabernacle ni ìjọ tó ń tẹ̀ ẹ́ jáde, Pásítọ̀ Ambrose Clark sì ni olórí wọn. David Odùbánjọ, tó ń gbé ní Èkó, ló ń bá wọn kọ̀wé. Ohun tó wà nínú ìwé ìròyìn náà bá ohun tí wọ́n ti gbà gbọ́ mu rẹ́gí: ìwòsàn láìsí oògùn, àti ìrìbọmi fún àgbàlagbà tó ti mọ ohun tó ń ṣe, láìsí ti ọmọ ọwọ́. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń rí. Ẹ kàn ń wo fóònù yín lọ́jọ́ kan, ẹnì kan tẹ́ ẹ ò mọ̀ rí ní ìlú òkèèrè wá sọ gbogbo ohun tó wà lọ́kàn yín látọjọ́ yìí. Ẹ̀ ń tẹ̀lé e nìyẹn.

Nígbà tó di 1922, ọ̀rọ̀ ìrìbọmi ọmọ ọwọ́ àti ti oògùn yìí lé wọn kúrò nínú ìjọ Áńgílíkà. Wọ́n gba orúkọ Faith Tabernacle, wọ́n ń pọ̀ sí i láti Ìjẹ̀bú dé Èkó, dé Ìbàdàn, dé Iléṣà. Láti Philadelphia ni ìwé àṣẹ ti ń bọ̀ fún àwọn pásítọ̀ wọn, nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́. Àwọn ará ibí ń retí pé òyìnbó kan yóò wá wò wọ́n. Kò sí ẹni tó wá. Látìbẹ̀rẹ̀ dópin, òyìnbó Faith Tabernacle kankan ò wá bá wọn jókòó nílẹ̀ Yorùbá.

Ní 1925, wàhálà bẹ́ sílẹ̀ ní Philadelphia. Wọ́n fi ẹ̀sùn àgbèrè kan Pásítọ̀ Clark fúnra rẹ̀. Ìjọ pín, ó kúrò, ó sì dá ìjọ mìíràn sílẹ̀.

Ibi tí mo ti máa ń dúró nínú ìtàn yìí nìyí. Ẹ gbé ara yín sí ipò ẹni tó wà ní Ìjẹ̀bú-Òde tí ìròyìn yẹn kàn lára. Báwo lo ṣe máa mọ òótọ́? Lẹ́tà tó bá wá, ẹni tó wà lápá kan ló kọ ọ́. O ò mọ aládùúgbò Clark kankan tó o lè bi. O ò rí i rí níbi tó ti ń bínú, o ò rí bó ṣe ń bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀, o ò mọ bó ṣe ń ná owó. Ohun tó o mọ̀ nípa rẹ̀ ni ohun tí òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ yàn láti tẹ̀ sínú ìwé ìròyìn. Mi ò mọ̀ bóyá Clark jẹ̀bi, èyí ò sì kan ohun tí mò ń sọ. Ohun tí mò ń sọ ni pé kò sọ́nà tí àwọn èèyàn wa lè gbà mọ̀.

Èyí ló jẹ́ kí n lọ wo ohun tí àwọn Kristẹni àkọ́kọ́ kọ nípa bí wọ́n ṣe ń mọ wòlíì òtítọ́. Gbogbo wa mọ ti Mátíù orí keje, pé èso igi la fi ń mọ igi. Ṣùgbọ́n ìwé kékeré kan wà tí kò sí nínú Bíbélì, wọ́n ń pè é ní Didache, ìyẹn Ẹ̀kọ́ ní èdè Gíríìkì. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kìíní tàbí ìbẹ̀rẹ̀ ìkejì ni wọ́n kọ ọ́. Ó sọnù fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, kí àlùfáà Gíríìkì kan tó ń jẹ́ Philotheos Bryennios tó rí ẹ̀dà rẹ̀ nínú ilé ìkàwé kan ní Constantinople ní 1873. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1883.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìwé yìí ò ṣeré rárá. Àpọ́sítélì tó bá ń rìnrìn àjò, ẹ gbà á bí ẹni gba Olúwa, ṣùgbọ́n ọjọ́ kan ni kó lò, tàbí méjì tí ọ̀rọ̀ bá le. Tó bá lo ọjọ́ mẹ́ta, wòlíì èké ni. Tó bá ń lọ, ẹ fún un ní búrẹ́dì tí yóò gbé e dé ibi tó ń lọ. Tó bá béèrè owó, wòlíì èké ni. Wòlíì tó bá wà nínú ẹ̀mí tó ní kí wọ́n tẹ́ tábìlì oúnjẹ, tó wá jókòó jẹ nínú rẹ̀, wòlíì èké ni. (Ìgbà tí mo kọ́kọ́ ka ìyẹn, mo rẹ́rìn-ín títí.) Èyí tó lágbára jù nínú wọn ni pé wòlíì tó ń kọ́ni ní òtítọ́ gan-an, tí kò bá ṣe ohun tó ń kọ́ni, wòlíì èké ni.

Ẹ wo àwọn ìdánwò yẹn dáadáa. Oúnjẹ, ibùsùn, iye ọjọ́, owó. Kò sí ọ̀kan tẹ́ ẹ lè ṣe fún ẹni tí kò sùn nílé yín rí. Bákan náà ni ìlànà tó wà nínú lẹ́tà kìíní sí Tímótíù orí kẹta nípa alábòójútó ìjọ: kó má fẹ́ràn owó, kó má jẹ́ oníjà, kó lè ṣàkóso ilé ara rẹ̀, kí àwọn tí kò sí nínú ìjọ gan-an jẹ́rìí rere nípa rẹ̀. Ta ló lè jẹ́rìí yẹn? Ìyá tó ń ta ata lẹ́bàá ilé rẹ̀ ni. Ẹni tó yá a lówó ni. Kámẹ́rà mi ò lè jẹ́rìí yẹn. Mo ti di kámẹ́rà mú, mo mọ ohun tó lè ṣe.

Ẹ jẹ́ ká padà sílé. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1928, ọ̀dọ́kùnrin kan, ọmọ Odò-Ọwá ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, tó ń wa ẹ̀rọ tó ń tẹ ọ̀nà fún ìjọba ní ojú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́, sọ pé Ọlọ́run pe òun. Joseph Ayọ̀ Babalọlá ni. Ẹ mọ ìyókù, tàbí kí àwọn òbí yín mọ̀ ọ́n: ìsọjí Òkè-Ọ̀oyè ní Iléṣà ní oṣù keje ọdún 1930, tí èrò ń wọ́ lọ bí omi. Ohun tí a kì í sábà sọ ni bó ṣe dé ibẹ̀. Kó tó di pé ayé mọ̀ ọ́n, ó ti lọ bá àwọn àgbà Faith Tabernacle ní Èkó. Ẹsinsinade ló ṣèrìbọmi fún un nínú ọ̀sà ní ìparí 1929. Ìpàdé àwọn àgbà wọ̀nyẹn ní Iléṣà ló sì ṣáájú ìsọjí náà. Ó wà láàárín àwọn tó lè wo ojú rẹ̀ kí wọ́n bá a wí. Gbogbo òkìkí tó ní lẹ́yìn náà, kò fi dá ìjọ tara rẹ̀ sílẹ̀. Ajíhìnrere ìjọ ló jẹ́ títí tó fi kú ní Ẹdẹ ní 1959. Ní 1932, ó ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ní Benin, ó jáde, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́.

Nígbà tí ìsọjí ń gbilẹ̀, ìjọba òyìnbó ń fura. Àwọn àgbà rí i pé àwọn nílò ìjọ òkèèrè tó máa dúró ti àwọn. Odùbánjọ ti ń bá The Apostolic Church ní ilẹ̀ Bìrìtìkó kọ̀wé. Èyí yàtọ̀ sí ti Philadelphia: àwọn wọ̀nyí wá. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1931, D. P. Williams ará Wales, àbúrò rẹ̀ W. Jones Williams, àti Andrew Turnbull sọ̀ kalẹ̀ ní Èkó. Wọ́n fi àwọn àgbà jẹ pásítọ̀, wọ́n lọ, àwọn míṣọ́nnárì míì sì wá láti máa gbé níbí.

Ohun tí lẹ́tà kì í gbé, ilé gbígbé máa ń gbé e jáde. Ó hàn sí àwọn ará ibí pé àwọn míṣọ́nnárì wọ̀nyí, tó ń wàásù ìwòsàn Ọlọ́run, ń lo kuníìnì, oògùn ibà tó korò bí jogbo yẹn.

Ẹ rántí o, àwọn tó ti fi ìjọ àtijọ́ wọn sílẹ̀ nítorí oògùn ni wọ́n ń bá lò. Àríyànjiyàn náà le. Ìdáhùn àwọn òyìnbó ni pé ìjọ àwọn gbà pé Ọlọ́run ń wonisàn, ṣùgbọ́n kò sọ pé lílo oògùn jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Láàárín 1939 sí 1941, ìjọ pín. Àwọn kan dúró ti àwọn míṣọ́nnárì, àwọn ni The Apostolic Church títí dòní. Odùbánjọ, Ẹsinsinade, Babalọlá, àti Isaac Akínyẹlé tó padà di Olúbàdàn ní 1955, gba ọ̀nà tiwọn. Ní 1943, wọ́n forúkọ Christ Apostolic Church sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. CAC nìyẹn.

Nígbà tí mo ka ìtàn yìí ní yunifásítì, alábòsí ni mo pe àwọn òyìnbó náà lọ́kàn mi. Nígbà tó yá, mo lọ sìn ìlú, ibà mú mi ní abúlé kan tó fi jẹ́ pé mi ò dá orúkọ ara mi mọ̀ fún ọjọ́ méjì. Abẹ́rẹ́ àti oògùn ló gbé mi dìde. Láti ìgbà náà ni ìdájọ́ mi ti yí padà, kò sì tíì dúró sójú kan.

Lójú mi, àwọn bàbá wa ṣe ohun tó tọ́ nípa bí wọ́n ṣe wò ó. Wọ́n wo ìgbésí ayé olùkọ́ mọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀, bí Didache ṣe wí, láìjẹ́ pé wọ́n bẹ̀rù awọ funfun. Ní ayé amúnisìn, ìyẹn ò rọrùn. Ìbéèrè tí èmi náà ì bá bi àwọn míṣọ́nnárì ni pé, kí ló dé tí ọ̀rọ̀ kuníìnì ò fi yanjú lọ́jọ́ kìíní? Ṣùgbọ́n lórí ibà, òyìnbó ló tọ̀nà. Kuníìnì ń ṣiṣẹ́. Influẹ́ńsà 1918 ò ní oògùn, ibà ní oògùn, ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ lára èkíní ni wọ́n sì gbé lé èkejì lórí.

Ohun tó ń kó mi lọ́kàn sókè nìyẹn. Èèyàn lè máa ṣe gbogbo ohun tó ń wàásù, kó máa gbàwẹ̀, kó má fọwọ́ kan owó ìjọ, kó sì máa wàásù ohun tó lè pa ọ́. Ìwà rẹ̀ á dára, ẹ̀kọ́ rẹ̀ ò ní dára. Àwọn ará Bèréà nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí kẹtàdínlógún ò dúró sí pé Pọ́ọ̀lù jẹ́ èèyàn dáadáa. Wọ́n ń yẹ Ìwé Mímọ́ wò lójoojúmọ́ bóyá ohun tó sọ rí bẹ́ẹ̀. Ẹ tún wo èyí: lẹ́tà kan náà sí Tímótíù tó sọ irú ẹni tó yẹ kó jẹ́ alábòójútó, orí karùn-ún rẹ̀ ló ti ní kí Tímótíù máa lo wáìnì díẹ̀ nítorí inú rẹ̀ tó ń dà á láàmú. Lúùkù, ọ̀rẹ́ Pọ́ọ̀lù, oníṣègùn ni lẹ́tà sí àwọn ará Kólósè pè é.

Màmá mi, inú CAC ni wọ́n bí wọn sí. Torí náà nígbà tí mo délé ní ọjọ́ Sátidé, mi ò bá wọn jiyàn lórí ìgbàgbọ́. Mo kàn sọ ìtàn Philadelphia fún wọn. Wọn ò gbọ́ ọ rí. Wọ́n dákẹ́ fúngbà díẹ̀, wọ́n wá ní, "Wọn ò wá rárá? Ẹyọ kan?" Mo ní ẹyọ kan, mà. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ ọkùnrin orí fóònù yẹn lọ bá pásítọ̀ àdúgbò wọn, ẹni tó ti mọ̀ wọ́n kí wọ́n tó bí mi, tí ìyàwó rẹ̀ ń ra epo lọ́wọ́ wọn ní àwìn.

Wọ́n lọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Wọ́n ní pásítọ̀ ò wàásù kankan fún àwọn. Wọ́n ní wọ́n kàn dìde, wọ́n wọ yàrá, wọ́n sì mú káàdì oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tiwọn jáde, ó ku mẹ́rin nínú rẹ̀.

Nígbà tí nọ́ọ̀sì wọn ẹ̀jẹ̀ màmá mi ní ọjọ́ Mọ́ńdè, ó jẹ́ 190 lórí 110. Ọjọ́ mọ́kànlá ni wọn ò ti lo oògùn. Wọ́n ti padà sídìí rẹ̀ báyìí. Wọ́n ṣì ń gbọ́ ọkùnrin yẹn ní aago márùn-ún ìdájí, mi ò ní purọ́ fún yín. Wọ́n ní ohùn rẹ̀ dùn, àdúrà rẹ̀ sì máa ń wọ àwọn lára. Tó bá ti ń gbàdúrà, wọn á ṣe "Àmín", wọn á fi omi gbé oògùn mì, wọn á sì lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù.